Òjò Ò Mọ Káńsù

Ẹ̀yin ará Ajue, ẹ̀yin ará Òrè àti Odígbó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ omi kí omi tó wọlé wá bá wa sọ ọ́.

Ẹ wo adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ìlú lè rómi mu. Àtìgbà náà ni àgbàrá ti ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀. Ilé sún mọ́ etí rẹ̀, pàǹtírí tẹ̀lé ilé. Ẹrẹ̀ ń pọ̀, omi ń pàdánù àyè. Omi tí kò bá sì ráyè nínú adágún, inú ilé wa ni yóò wáyè dé.

Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ n'Ìbàdàn. Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya. Afárá já, ilé wó, èèyàn tó lé ní 100 ló kú káàkiri ìlú. Nígbà tó di 2014, ìjọba yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé láti fi tún ojú omi ṣe, títí kan ìdídò Ẹlẹ́yẹlé.

Ṣọ́bìrì kan ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kó gọ́tà iwájú ilé yín lónìí. Ẹ má dúró de Sátidé. Ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o jọ sétí gọ́tà! A máa ń ṣe é, a sì mọ̀ pé òjò kan péré ló máa dá a padà. Ẹ fi bárò gbé e jìnnà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà fún àwọn arìnrìn-àjò Èkó àti Benin l'Òrè, ẹ so àpò kan mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì yín fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ibẹ̀ ni kó jù ú sí. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ro oko dé bèbè odò. Igbó etí odò ló ń di yẹ̀pẹ̀ mú.

Mo mọ èsì àwọn kan: "Iṣẹ́ ìjọba ni." Òótọ́ ni. Kí káńsù ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n òjò ò mọ káńsù, ẹnu ọ̀nà yín ló mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá ọ̀dà pupa díẹ̀. Ẹ fa ìlà sára òpó afárá àdúgbò yín, níbi tí omi dé báyìí. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ dúró lókè, ẹ wò ó. Bí omi bá ti bo ìlà, tó sì ń gòkè kíákíá, ẹ pe àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò lórí fóònù.

Ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ má gbádùn odò. Ẹ ta àwọ̀n, ẹ jókòó gba atẹ́gùn. Àmọ́ bí omi bá ti pọ́n, tó ń gbé igi lọ, ẹ pe àwọn ọmọ jáde. Ọmọ aládùúgbò náà ńkọ́? Ẹ pe òun náà.

Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì méjì, kó yá ẹlòmíì ní ọ̀kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí, ká pàdé létí gọ́tà.