Sí Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Inú wa dùn sí àwọn ọmọ wa ní Zaria tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n orúkọ oògùn ń dà wọ́n láàmú: wọn a há a sórí bí ayékòótọ́, bí ìdánwò bá ti tán, a fò lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní ìdílé-ìdílé. Ògúnlékè àti Ògúnbíyìí ń fi ilé wọn hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ. Ti oògùn ń bẹ ní ìparí. Ampicillin àti amoxicillin, ọmọ ilé penicillin ni wọ́n: ara tí ó bá kọ ọ̀kan lè kọ èkejì. Atenolol àti propranolol a máa dẹ ìlù ọkàn. Ẹ ka bí ọkàn ti ń lù kí ẹ tó fún aláìsàn.

Ẹ pa ìwé dé, ẹ kà á lórí, kí ẹ tó ṣí i wò. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju àìsùn òru kan lọ. Ẹ sì kọ́ bí a ti ń fi Hausa sọ ọ́, nítorí láti Shika dé Wusasa, òun ni púpọ̀ aláìsàn gbọ́: “sau biyu a rana”, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dín iṣẹ́ ọjà wọn kù lásìkò ìdánwò. Ẹni tí ó ṣi oògùn fún aláìsàn lè gba ẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀mí kò sì ní ààrọ̀.