Sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Ìṣirò: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rí Ibi Tí Táńjẹ́ńtì Ń Lọ

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa,

Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní tirigonọ́mẹ́tírì ló ń dùn mí. SOHCAHTOA ti yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bí orin, wọ́n sì ń fi í gba máàkì nínú WAEC. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tẹ tan 90 sórí kàkulétọ̀, kí "Math ERROR" jáde, kó wá béèrè ìdí rẹ̀, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé bó ṣe rí nìyẹn, kó ṣáà há a sórí. Ọmọ tó béèrè ìdí ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò gan-an. Àwa la pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ ní kó tẹ àwọn igun tó ṣáájú 90 wò. Tan 45 jẹ́ 1. Tan 80 kò tíì tó 6. Ní 89, ó ti di 57.29, ní 89.9, 572.96; ní 89.99, 5,729.58. Igun náà kò tíì sún tó dígírì kan láti 89, iye rẹ̀ ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún!

Sáìnì àti kósáìnì kì í kọjá 1. Sáìnì la fi kósáìnì pín kí táńjẹ́ńtì tó jáde, bí igun sì ṣe ń sún mọ́ 90, kósáìnì ń joro lọ sí òdo. Ohun tí a fi ń pín ló ń kéré tí èsì fi ń tóbi.

Ẹ yà á fún wọn. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ya róbótó sórí bọ́ọ̀dù, kí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ 1. Ẹ fa ìlà òòró kan tó kàn án lápá ọ̀tún, kí ẹ sì fa òmíràn jáde láti àárín. Gíga ibi tí wọ́n ti pàdé ni tan. Ẹ máa gbé ìlà kejì dìde: ibi ìpàdé á máa gòkè, á kọjá bọ́ọ̀dù, á kọjá àjà. Tó bá nàró ní 90, ìlà méjèèjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ní pàdé mọ́ láé. Ohun tí kàkulétọ̀ ń wí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má kọ àmì àìlópin síwájú tan 90 mọ́. Ní 91, iye náà jẹ́ −57.29: láti apá kejì, ìsàlẹ̀ ló ń já lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣètò ìdánwò, ẹ bi ọmọ ní ìdí rẹ̀, kí ẹ fún un ní máàkì tó bá ṣàlàyé.