Kọ́bọ̀ Oníhò Kì í Ṣe Pàǹtírí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a da kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn àgbà Ẹgbẹ́dá tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí nù. Lóòótọ́, náírà ti gba ipò rẹ̀ láti ọdún 1973, ṣùgbọ́n ìtàn wà lára rẹ̀. Àwọn kan nínú èyí tí a kọ 1936 sí gbé orúkọ Ọba Edward Kẹjọ, ẹni tí kò lo ọdún kan pé lórí oyè. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ná owó tí ó gbé orúkọ rẹ̀. Àwa ni a ná an níhìn-ín. Àwọn mìíràn a máa fi iyanrìn fọ̀ ọ́ kí ó lè dán; ẹ̀rí ara rẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ dànù. Èrò wa ni pé kí olúkúlùkù wa kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá rán an lọ, kí ó sì kọ ohun tí onínní àti kọ́bọ̀ ń rà sílẹ̀, kí àwọn tí ó ná wọn tó tán.