Aṣọ àti Àkísà: Ọdún Àkọ́kọ́ Aaron Judge

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó kó aṣọ àti àkísà jọ nínú ọdún kan ṣoṣo, ọdún náà sì ni ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Aaron Judge ni orúkọ rẹ̀. Bésíbọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 2017 ni mò ń sọ.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi kì í fi bẹ́ẹ̀ wo eré yìí. Àwọn ará wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ní Kúbà, erékùṣù tí òwò ẹrú kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, òun ni eré tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn jù lọ. Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni ó máa ń figagbága. Ẹni kan nínú ẹgbẹ́ kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le koko. Ẹni kan nínú ẹgbẹ́ kejì yóò dúró dè é pẹ̀lú igi gbọọrọ lọ́wọ́. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù náà láàrin ààlà méjì tí ó sì fò kọjá ògiri tí ó wà lẹ́yìn pápá, home run nìyẹn. Eléré yóò rọra yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró, ariwo ayọ̀ yóò sì sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹta, strikeout ni wọ́n ń pè é. Yóò gbé igi rẹ̀ padà sórí ìjókòó ní ìdákẹ́jẹ́. Eré tí ó kún fún ìjákulẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ṣe àṣeyọrí nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ògbóǹtarìgì ni wọ́n kà á sí.

Wọ́n bí Judge ní ìpínlẹ̀ California ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, ọdún 1992. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bí i, tọkọtaya kan, Wayne àti Patty Judge, gbà á ṣe ọmọ. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Linden ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó kíyè sí i pé òun kò jọ àwọn òbí òun, ó bi wọ́n léèrè, wọ́n sì sọ òtítọ́ fún un láìfi bò. Láti ìgbà náà ni kò ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àṣírí. Ní ọdún 2010, bí ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹgbẹ́ Oakland Athletics yàn án kí ó wá máa gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn. Kò tẹ̀lé wọn. Yunifásítì Fresno State ni ó gbà lọ. Ní ọdún 2013 ni New York Yankees mú un. Nígbà tí ó fi máa dé pápá ńlá, ó ti ga ju mítà méjì lọ.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 2016 ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí pápá fún wọn. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Tyler Austin, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbá home run ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó di igi mú. Judge ni ó kàn. Ó gbá tirẹ̀ náà. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn eré náà pé kí àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje kan náà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ yí padà. Nínú ìgbà 84 tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ní ọdún náà, 15 péré ni ó fi ṣe àṣeyọrí, ó sì tàsé pátápátá ní ìgbà 42. Ìdajì géérégé nìyẹn. Àwọn oníṣirò eré náà máa ń fi iye ìgbà tí eléré dúró pín iye àṣeyọrí rẹ̀. Ohun tí ó jáde fún Judge ni.179, èyí tí kò tó ohun tí ẹgbẹ́ ńlá lè fi dá ènìyàn dúró. Ó farapa nínú oṣù Kẹsàn-án, sáà náà sì parí fún un. Judge kọ iye yẹn, .179, sínú fóònù rẹ̀, ó sì ń wò ó lójoojúmọ́ ní gbogbo sáà tí ó tẹ̀ lé e.

Òfin eré náà sọ pé ẹni tí kò bá tíì kọjá ìgbà 130 lẹ́nu igi, ọmọ tuntun ni ó ṣì jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọdún 2017 dé, ọdún àkọ́kọ́ Judge ni wọ́n kà á sí. Ohun tí ó sì ṣe nínú rẹ̀ ya gbogbo ayé lẹ́nu. Kí wọ́n tó lọ sí ìsinmi àárín sáà nínú oṣù Keje, ó ti gbá home run 30. Joe DiMaggio, ọ̀kan nínú àwọn tí Yankees kò lè gbàgbé láé, 29 ni ó gbá ní odindi ọdún àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní 1936. Ní àsìkò ìsinmi náà, ní Miami, Judge tún borí nínú ìdíje àwọn tí ń gbá home run.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àkísà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Láti ìgbà ìsinmi títí di òpin oṣù Kẹjọ, home run 7 péré ni ó gbá. Ó ní strikeout nínú ìdíje 37 tí ó tẹ̀ léra wọn láìdá ọ̀kan sí. Ẹni tí ó bá wo bésíbọ́ọ̀lù nínú oṣù yẹn nìkan, .179 ni yóò rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹsàn-án dé, ó gbá 15 láàrin oṣù kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ó gbá méjì nínú ìdíje kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ Kansas City Royals, iye rẹ̀ sì di 50. Kò sí ọmọ tuntun tí ó dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí sáà parí, 52 ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi wé ti àwọn tí ó ṣáájú. Ní ọdún 1930, Wally Berger gbá 38 fún Boston Braves ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Frank Robinson bá a dọ́gba ní Cincinnati ní 1956. Iye yẹn dúró títí di 1987, nígbà tí Mark McGwire ti Oakland gbá 49. Ti McGwire náà lo ọgbọ̀n ọdún kí Judge tó dé. Ti Judge kò lò ju ọdún méjì lọ: ní 2019, Pete Alonso ti New York Mets gbá 53. Bí ó bá jẹ́ iye nìkan ni a ń kà, ọ̀rọ̀ parí, Alonso ni aṣíwájú.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé iye nìkan tó. Àkọ́kọ́, ìdíje mélòó ni olúkúlùkù gbá? McGwire gbá 151, Judge gbá 155, Alonso gbá 161. Bí a bá pín in, Judge ni home run rẹ̀ sún mọ́ ara wọn jù: ọ̀kan kò gbà tó ìdíje mẹ́ta. Ti àwọn méjì yòókù gbà ju mẹ́ta lọ díẹ̀. Láyé Berger àti Robinson, sáà kan kò ju ìdíje 154 lọ. Ní báyìí, 162 ni.

Èkejì, irú ayé wo ni wọ́n bá? Ní 1987, gbogbo ẹgbẹ́ pátá gbá home run 4,458, kò sì sí ọdún tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ní 2017, ó di 6,105. Ní 2019, ó di 6,776. Ẹ rí i pé ọdún tí òjò rọ̀ jù ni olúkúlùkù wọn dáko. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àjọ tí ń ṣàkóso eré náà yàn sọ pé lára ohun tí ó fà á ní 2019 ni pé afẹ́fẹ́ kò dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí kò sọ Alonso di ọ̀lẹ. Ó kàn kọ́ wa pé a kì í wọn ìkórè láìbéèrè bí òjò ṣe rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ta ni a ń pè ní ọmọ tuntun? José Abreu, ọmọ Kúbà, gbá 36 fún Chicago White Sox ní 2014, wọ́n sì fún un ní oyè ọmọ tuntun tí ó dára jù. Ọmọ ọdún 27 ni, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé kí ó tó dé Amẹ́ríkà. DiMaggio jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà tirẹ̀. Judge pé ọdún 25 ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà rẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọ̀nà wọn kò jọra.

Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan, Judge ni èmi yóò yàn, ìdí mi kì í sì í ṣe home run nìkan. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju mẹ́rin tí kò gba ibi tí ó yẹ, tí eléré sì fara balẹ̀ tí kò fi igi kàn wọ́n, yóò rìn lọ sí ibùdó kìn-ín-ní lọ́fẹ̀ẹ́. Judge gba irú ẹ̀bùn yìí nígbà 127. Ted Williams ni ó ga jù nínú àwọn ọmọ tuntun tẹ́lẹ̀, 107 ni ó sì gbà ní 1939. Ẹni tí ó lágbára tó Judge tí ó sì tún ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ọkùnrin kan náà ní strikeout 208 ní ọdún náà. Kris Bryant ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tuntun, 199, ní 2015. Judge kọjá rẹ̀. Aṣọ àti àkísà, lórí ìgbàgbé èjìká kan náà.

Kí n má tíì kúrò lórí McGwire, nítorí pé ìwé ìròyìn ẹbí ni èyí. Nígbà tí sáà 1987 ń parí lọ, 49 ni ó ní lọ́wọ́. Ẹyọ kan péré ni ó kù kí ó pé 50, ìdíje sì ṣì kù tí ó lè gbá. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí àkọ́bí wọn. Ó fi pápá sílẹ̀, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀, 49 náà ni ó sì kù sí títí dòní. Lẹ́yìn ìgbà náà ó gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dé 70 ní 1998, ṣùgbọ́n ní ọdún 2010 ó jẹ́wọ́ pé òun lo egbòogi agbára, títí kan ọdún 70 yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ka 70 náà sí mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó yan ọmọ rẹ̀ ju 50 lọ, èmi kò mọ ẹni tí ó lè bá a fa ìyẹn.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín wà ní ọdún àkọ́kọ́ nǹkan kan: iṣẹ́, ìgbéyàwó, òwò, ìlú àjèjì. Ẹ ń fi ara yín wé ẹgbẹ́ yín, àwọn ẹbí náà sì ń bá yín fi wé e. N kò ní sọ pé kí ẹ má fi wé, nítorí pé ènìyàn ò lè ṣe kó má fi wé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ fi wé bí ó ti yẹ: ẹ béèrè iye ìdíje tí olúkúlùkù gbá, irú òjò tí ó rọ̀ fún un, àti ibi tí ó ti ń bọ̀. Bí àwọn ọ̀gá Yankees bá ti fi ìgbà 84 ti ọdún 2016 dá Judge lẹ́jọ́, wọn ì bá ti dá a padà sí ẹgbẹ́ kékeré, 52 kì bá sì ti wáyé.

Nínú ìbò ọdún 2017, gbogbo àwọn tí ó dìbò ni ó fún un ní oyè ọmọ tuntun. Oyè eléré tí ó dára jù lọ bọ́ sí ọwọ́ José Altuve, Judge ṣe ìkejì. Ní 2022, ó gbá 62, ó kọjá 61 tí Roger Maris gbá fún Yankees kan náà ní 1961, oyè ńlá náà sì di tirẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ó wà láàrin ìkejì àti ìkíní. Àkísà tí ó kó jọ láàrin wọn kò ní òǹkà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.