Ìyìn Gattaca ti pọ̀ jù

Sinimá Gattaca, tí Andrew Niccol ṣe lọ́dún 1997, dùn-ún wò, mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ìyìn ẹ̀ ti pọ̀ jù. Nínú ẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa ríṣẹ́ gidi. Òfin lòdì sí i, kò sẹ́ni tó ka òfin ọ̀hún sí. Vincent wá fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì dọ́gbọ́n wọlé, la bá ń pàtẹ́wọ́.

Àwa ará Ìjọra Badia mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 kò fàyè gbà kí wọ́n fi ibi téèyàn ti wá tàbí bí wọ́n ṣe bí i yà á sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan, àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Sùúrùlérè ló ń kọ sínú fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́. Ọgbọ́n Vincent náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí katakata wó ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Badia East, ní February 2013, àdírẹ́sì àyálò wo ló gba ilé kan là? Ibi tí Gattaca ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Vincent fò lọ sójú ọ̀run; àwọn tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń gbálẹ̀, ẹnì kankan ò sì gbé òfin yẹn lọ sílé ẹjọ́.