Owó Àjò: Kí A Tó Wọkọ̀ Ilé

  Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ ilé ni í gba ẹnu gbogbo wa. Àwọn kan fẹ́ lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ òbí wọn, àwọn kan ní ìgbéyàwó ọmọ, àwọn mìíràn fẹ́ lọ ṣí ilé tuntun. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, nítorí náà a kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún: báwo ni kí ènìyàn ṣe gbé owó lọ sílé, báwo ni kí ó sì ṣe ná an, tí kò fi ní padà wá sí Kánò lọ́wọ́ òfo?

Ìdáhùn wa kò gùn. Inú ilé ni kí a ti pín owó àjò, kì í ṣe ní gáréèjì, kì í sì í ṣe lójú agbo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gbogbo January ni a ń rí ìsọ̀ tí a kò ṣí. Ẹni tó ni ín ti ti ilé dé, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò rí owó ra ọjà. Owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀, onílé sì ń kan ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn a lọ yá owó èlé, gbèsè náà a sì bá a dé Iléyá. Gbogbo èyí nítorí ìnáwó ọjọ́ mẹ́wàá.

Àwọn tó ṣáájú wa dé ìhín mọ ọgbọ́n kan. Ní ọdún 1912 ni ojú irin so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, òun ló sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàbá wa wá láti ìhà Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo. Bí wọ́n bá ń lọ sílé, ìyá àgbà a so owó díẹ̀ sí etí ìró fún oúnjẹ ojú ọ̀nà, a di èyí tó kù mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ, níbi tí ojú èrò ọkọ̀ kò lè dé. Ẹlòmíràn a gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, a fi owó ránṣẹ́ ṣáájú ara rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí i: owó ọ̀nà wà lọ́tọ̀, owó ilé wà lọ́tọ̀. Pọ́n-ùn àti ṣílè ti di náírà láti January 1, 1973, ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn kò gbó.

A rò pé ọ̀nà mẹ́rin ni ó yẹ kí a pín owó sí.

Ìpín kìíní ni èyí tí kò ní kúrò ní Kánò rárá: owó ọjà January, owó ilé àti owó ilé ìwé. Kí a yọ ọ́ sẹ́yìn kí a tó ka iye tí a ní fún àjò. Àwọn kan a máa fi gbogbo rẹ̀ ra ọjà sínú ìsọ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí iná March 2016 tó jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀ ní ọjà Sábọ́n Gàrí. Kí apá kan wà ní ìsọ̀, kí apá kan wà ní báǹkì, kí káàdì báǹkì náà má sì bá wa wọkọ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé wà nínú èyí, nítorí pé láti ọdún 2024 ni àjọ NDIC ti gbé iye owó tí ó ń dáàbò bò fún oníbàárà báǹkì kọ̀ọ̀kan, bí báǹkì bá wó, láti ₦500,000 sí ₦5,000,000.

Ìpín kejì ni owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀nà, àlọ àti àbọ̀. Ti àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ bí èrò bá ti pọ̀ ní gáréèjì, owó ọkọ̀ a máa lé sí i. Ìpín kẹta ni ìnáwó ilé. Ìpín kẹrin ni ti ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀: ọkọ̀ tó bàjẹ́, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, òkú tó ṣẹlẹ̀ lójijì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìpín kìíní ti wà nípamọ́, tí ọkọ àti aya sì ní ₦400,000 fún àjò. Bí ọ̀nà bá gba ₦140,000 ní àlọ àti àbọ̀, ó ku ₦260,000. Bí wọ́n bá fún àwọn òbí ní ₦80,000, tí ẹ̀bùn ẹbí gba ₦60,000, tí ìjọ tàbí mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ìlú gba ₦30,000, tí òde ṣíṣe gba ₦40,000, ó ku ₦50,000 fún àìròtẹ́lẹ̀. Kí tọkọtaya jọ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwé náà sì bá wọn lọ. Ẹni tí kò bá ní tó báyìí kí ó pín ìwọ̀nba tó ní. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nísinsin yìí, báwo ni kí a ṣe gbé e? Ọ̀nà Kánò sí ilé jìn, kò sì rí bí ó ti rí láyé àwọn bàbá wa. Owó ọ̀nà nìkan ni kí ó wà lọ́wọ́ wa. Kí ó jẹ́ owó kéékèèké, kí ó sì wà ní ibi méjì: díẹ̀ ní àpò òde fún omi àti oúnjẹ, èyí tó kù ní àpò inú. Kí ọkọ mú díẹ̀, kí aya náà mú díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ka owó ní gáréèjì, kí ó má sì sọ ohun tó ń lọ ṣe nílé fún ẹni tó jókòó tì í.

Èyí tó kù, kí ó gba báǹkì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A kò lè gbàgbé ohun tí ojú wa rí. Ní October 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó di January àti February 2023, owó bébà di àwátì. Ẹni tó ní owó ní báǹkì kò rí i gbà, ẹni tó kó tàtijọ́ pamọ́ sábẹ́ ẹní kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní March 3, 2023 pé kí a ṣì máa ná an. Nítorí náà kí owó wà ní báǹkì méjì bí ó bá ṣeé ṣe, kí díẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Kí a kọ nọ́ńbà tí a fi ń ti káàdì àti síìmù pa sínú ìwé, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, nítorí ẹni tí fóònù rẹ̀ bọ́ sọnù lójú ọ̀nà kò ní rí nọ́ńbà náà nínú fóònù yẹn.

Kí a tún mọ òfin gbígba owó. Ní December 2024 ni Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé ₦100,000 ni oníbàárà kan lè gbà lọ́dọ̀ àwọn oní-POS lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ₦300,000 ra màlúù ìgbéyàwó, tí kò sí báǹkì ní ìlú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi gbà á. Kí ó má dúró di àìsùn ìgbéyàwó. Láti March 1, 2025 sì ni a ti ń san ₦100 lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan tí a bá gbà ní ATM báǹkì tí kì í ṣe tiwa. Bí ẹ̀rọ náà bá dá dúró níta, tí kò sí lẹ́bàá báǹkì, ó tún lè fi tó ₦500 kún un. Ẹ̀rọ báǹkì tiwa kò gba nǹkan kan. Ó yẹ kí a wádìí èyí tó wà nítòsí ilé wa.

Wàyí o, ìnáwó gan-an. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ariwo tí a ó gbọ́ ni pé ará Òkè Ọya ti dé. Wọn kò mọ oòrùn tó ń pa wá ní ọjà, wọn kò mọ iye tí a fi ń ra aṣọ ní Kàntín Kwàrì tàbí iye èrè tó wà lórí rẹ̀. Bàbá Kánò, Ìyá Kánò, orúkọ dídùn ni, ṣùgbọ́n kì í san owó ilé ìwé. Kí a kọ́kọ́ fún àwọn òbí ní tiwọn ní ọjọ́ tí a dé, nítorí bí a bá fi tiwọn sẹ́yìn, òde ni yóò jẹ ẹ́. Bí aṣọ ẹbí bá pọ̀ ju ọ̀kan lọ, kí a mú ti ẹni tó sún mọ́ wa jù, kí a sì fi ẹ̀bùn bẹ ìyókù.

Ní ti fífọ́n owó lójú agbo, Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní April 2024 ni ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Kí a fi ẹ̀bùn sínú àpòòwé, kí a fi lé ìyàwó lọ́wọ́. Iyì rẹ̀ kò dín.

Ètò yìí kò mọ sí ọ̀nà ilé nìkan. Àwọn alálàájì wa mọ̀ ọ́n: owó ńlá tí wọ́n san ṣáájú ni ti ọkọ̀ òfurufú àti ibùwọ̀, ṣùgbọ́n owó kékeré tí wọ́n mú lọ́wọ́ ni ọjà Mẹ́kà ń dúró dè. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Amẹ́ríkà ń mú lọ ṣe fàájì nínú ọkọ̀ ojú omi. Owó ọkọ̀ ti ká ibùsùn àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọtí, ìrìn inú ìlú ní èbúté kọ̀ọ̀kan, àti owó ìmoore àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń wà lọ́tọ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ sí orúkọ èrò ni, nígbà tí ìrìn bá sì parí ni gbogbo rẹ̀ ń yọjú pọ̀. Kí òbí bẹ́ẹ̀ bèèrè lọ́jọ́ kìíní, kí ó sì dá iye kan tí òun kò ní kọjá.

Ẹgbẹ́ ń bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹbí kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí a lè mọ ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìṣílé, ẹ kọ ìròyìn rẹ̀ wá, ojú ìwé ìròyìn ẹbí ń dúró dè yín. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Kí a bá ara wa láyọ̀ ní January, kí gbogbo ìsọ̀ wa sì ṣí.