Ẹ Má Fi MP3 Pa Ohùn Àwọn Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Ugborikoko ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n ó sì sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jogún àwo orin Yusuf Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà àti Hárúnà Ìṣọ̀lá. Yusuf kú ní 1978, Àyìnlá ní 1980, Hárúnà ní 1983. Wọn kò ní kọrin mọ́. Síbẹ̀, a ń gba orin wọn sí MP3 tó kéré jù, a sì ń da àwo náà sí ààtàn. Kò dára!

MP3 kì í kàn di ohùn pọ̀, ó ń gé lára rẹ̀ dànù ni. Bí a bá gbà á sí 128, ìṣẹ́jú kan kò ju bíi mẹ́gábáìtì 1 lọ. WAV irú ti CD ń gba bíi 10. Ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo inú àpàlà, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀. Ohun tó ti lọ kò sì ní padà, bí ẹ tilẹ̀ sọ MP3 náà di WAV lọ́la.

FLAC, tó jáde ní 2001, ni mo fara mọ́. Ó ń dín WAV kù sí nǹkan bí ìdajì láìsọ ohunkóhun nù, ọ̀fẹ́ sì ni. Fláàṣì 32 GB kan yóò gba ju ọgọ́rùn-ún àwo oníṣẹ́jú 40 lọ.

Àwọn kan yóò ní MP3 ni gbogbo fóònù mọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ fi FLAC ṣe ìyá, kí ẹ wá ti ara rẹ̀ bí MP3 fún fóònù. Ní ọ́fíìsì ìjọba, a kì í sun fáìlì nítorí pé a ti ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀. Ẹ fọ àwo kí ẹ tó gbà á, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ti jẹ, ẹ fi FLAC pamọ́ sí ibi méjì, kí ẹ sì tọ́jú àwo náà.

Pidgin ló rọ àwọn ọmọ wa tí a bí sí Warri lẹ́nu. Ìjìnlẹ̀ Yorùbá tí àwa òbí gan-an kò lè sọ délẹ̀, inú àwo wọ̀nyí ló wà. Nítorí náà, mo ké sí ẹgbẹ́ wa: ẹ ra ẹ̀rọ àwo kan àti kọ̀ǹpútà kan, kí olúkúlùkù gbé àwo ilé rẹ̀ wá.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí Elédùmarè má jẹ́ kó fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.